Ìyàwó Tí Ẹ̀gbọ́n Baba Rẹ̀ Fà Lé Ọkọ Lọ́wọ́

Nígbà tí Eleanor Roosevelt, tí ikú mú ìyá rẹ̀ lọ ní 1892, tí ó sì tún padà wá mú baba rẹ̀ ní 1894 kí ọmọ náà tó pé ọdún mẹ́wàá, ń re ilé ọkọ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, 1905, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti so ó pọ̀ mọ́ Franklin, bí kò ṣe nínú ilé ìbátan ìyá rẹ̀ kan ní New York. Ilé sì ni mo gbà pé ó yẹ ọmọ òrukàn jù. Theodore, ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, tí í ṣe Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ni ó fà á lé ọkọ lọ́wọ́, nítorí ẹni tí ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ ṣì wà láyé kò tíì di aláìníbaba. Roosevelt ni ọkọ, Roosevelt ni ìyàwó: ìran Nicholas Roosevelt, tí baba rẹ̀ ti ilẹ̀ Netherlands wá, ni àwọn méjèèjì. Àwọn àgbà tiwa, tí í wádìí ìdílé wò fínnífínní kí wọ́n tó gba ìdáná, ìbá ti kọ̀ jálẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn ìbátan náà ti jìn sẹ́yìn gan-an. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé, bí Ààrẹ ti yà sí yàrá oúnjẹ, gbogbo àlejò ni ó wọ́ tẹ̀ lé e, tí tọkọtaya tuntun sì ku àwọn nìkan lórí ìdúró.