Ẹ Ka Abúlé Yewa Lọ́kọ̀ọ̀kan, Kí Ẹ sì Là Wọ́n Lọ́nà



Bí a bá bèèrè ọ̀nà fún abúlé, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún wa: "Èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀." Ta ló kà wọ́n? Ìkànìyàn ọdún 2006 la ṣì ń lò. Ó ní èèyàn 181,826 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, 168,850 ní Gúúsù Yewa, 82,217 ní Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n. Èèyàn Àríwá ló pọ̀ ju ti Gúúsù lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn ju ìlọ́po mẹ́ta ti Gúúsù, wọ́n sì fọ́n ká. Àpapọ̀ ni ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ń rí. Kò rí ahéré tí ọ̀nà kan ṣoṣo so pọ̀.

Ẹ wo ẹ̀gẹ́. Bí a bá ti wú u, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Lẹ́ẹ̀rùn, ọkọ̀ akẹ́rù lè dé ìdí òkìtì rẹ̀. Bí òjò bá gba ojú ọ̀nà, ó ku ọ̀kadà: wọ́n á di àpò sẹ́yìn rẹ̀, olóko á máa fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e. Ibi tí ẹrẹ̀ bá ti jìn, wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á ti ọ̀kadà kọjá, wọ́n á tún un dì. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń rà kò lè ná ọjà. Iye tí alárọ̀bọ̀ bá pè ló máa gbà.

Ìjọba mọ ọ̀nà Yewa nígbà tó bá wù ú. Nígbà tí òyìnbó ń wá irè oko, ó la ojú irin láti Ìfọ̀ gba Ìlaròó dé Ìdógò. Ní oṣù Kọkànlá 2019, kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí bodè, bẹ́ẹ̀ Yewa bá Benin pààlà. Fàyàwọ́ ni wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lówó gọbọi, orí èrò ló bù ú lé.

Ẹ jẹ́ ká wo Íńdíà. Ní oṣù Kejìlá 2000, ìjọba àpapọ̀ wọn dá ètò ọ̀nà abúlé sílẹ̀. Ibùgbé tí èèyàn rẹ̀ bá tó 500 ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, tàbí 250 lórí òkè àti ní aṣálẹ̀, tí kò ní ọ̀nà tó ṣeé gbà lójò lẹ́ẹ̀rùn, ló wà nínú ètò náà. Iye èèyàn ni wọ́n fi díwọ̀n, kì í ṣe ọmọ abúlé tó wà nílé ìjọba.

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí:

1. Kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Ìpókíà náà pẹ̀lú, ka gbogbo abúlé àti ahéré, kí wọ́n lẹ orúkọ àti iye wọn mọ́ ògiri sẹkitéríàtì.

2. Kí abúlé tí èèyàn rẹ̀ tó 500 tí kò lọ́nà ṣáájú. Kí 250 tó fún àwọn tó wà létí bodè, láti Ìlárá dé agbègbè Ọjà-Ọ̀dàn.

3. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi afárá kékeré àti yangí tún ibi tí omi ń gé ṣe. Ọ̀dà lè dúró.

Wọn á ní kò sówó. Òfin orílẹ̀-èdè ka ọ̀nà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti dájọ́ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje 2024 pé kí owó wọn máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Wọn á ní fàyàwọ́ ló máa jẹ èrè ọ̀nà. Fàyàwọ́ ti ní ọ̀nà inú igbó tirẹ̀. Aboyún tó ń lọ sọ́sípítù ni kò ní.

Nítorí náà, bí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò, ẹ má bèèrè iye kìlómítà tó fẹ́ ṣe. Ẹ ní kó dárúkọ abúlé yín, kó sì sọ iye ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má dìbò fún un.