"Ẹ Kú Ewu" Nìkan Kò Tó

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Òwe yìí ni a fi ń pa ojo ní ẹ̀rín. Ní tèmi o, àìsàn ni ó ń ṣe àpèjúwe. Ní 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó kọ ọ́ sínú ìwé wọn: jìnnìjìnnì tí kì í kúrò lára ẹni tí ó ti fojú rí ikú. Ní 1994, wọ́n ka àrùn tí ó lè pa ènìyàn mọ́ ohun tí ń fà á.

Jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ ọrùn, táírọ́ìdì, ni mo ń bọ̀ wá bá. Ẹṣẹ́ náà wà nísàlẹ̀ gògóńgò. Bí ó bá wú, a ní gẹ̀gẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ṣeé wò bí a bá tètè rí i, ni àwọn dókítà kan fi ń pè é ní "jẹjẹrẹ tí ó dára." Mo bẹ̀ yín, èwo ni jẹjẹrẹ tí ó dára? Ẹni tí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, a ti pa á lẹ́nu mọ́. Bí ó bá sunkún, aláìmoore ni.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ rí kò kéré. Wọ́n là á lọ́rùn, níbi tí ọ̀bẹ ti lè ba ohùn jẹ́. Àwọn kan a gbé áyódíìnì onítànṣán mì, a sì yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọjọ́ bí mélòó kan. Ìyá ọlọ́mọ kò gbọdọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tí wọ́n bá yọ ẹṣẹ́ náà tán fún yóò máa lo oògùn lójoojúmọ́ títí ayé. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ń bọ̀, oorun a dá lójú rẹ̀. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ sá fún àyẹ̀wò, ibẹ̀ gan-an ni ewu sì wà.

Ní 2013, àwọn ará Amẹ́ríkà yìí kan náà ní àìsàn líle nìkan kò tó fún orúkọ yẹn mọ́, àfi èyí tí ó bá já luni lójijì bí àjálù. Kí wọ́n máa bá àríyànjiyàn wọn lọ. Ẹni tí kò rí oorun sùn kò bèèrè orúkọ.

Àwa a máa kí ẹni tí ó yè, "Ẹ kú ewu," a jẹ ìrẹsì ọpẹ́, a bá tiwa lọ, bí ẹni pé ewu ti kọjá. Mo fẹ́ kí àwọn dókítà wa máa bèèrè oorun aláìsàn bí wọ́n ti ń yẹ ọrùn rẹ̀ wò, kí àwa tí a ń kọ́ èdè yìí sì bá wọn wá gbólóhùn tí wọn yóò fi bèèrè. Bí wọ́n bá bi ìyá àgbàlagbà pé ṣé ọpọlọ rẹ̀ pé, yóò ní ó pé, yóò sì gbé báàgì rẹ̀. Bí wọ́n bá ní, "Màmá, ṣé jìnnìjìnnì ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yẹn ṣì ń bò yín?" ó ṣeé ṣe kí ó padà jókòó.