Kí Mítà Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀ Ná

Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò kò dáhùn ju "kẹ́-kẹ́-kẹ́" lọ, iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń ṣẹ́jú. Rẹ́wáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò, tí wọ́n ránṣẹ́ pè kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tó ti dájọ́: "Ọ̀gá, bátìrì ti kú. Ẹ lọ ra tuntun." Báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní mọ́tò àtijọ́ ṣe ń da owó nù.

Àfojúdá ló ń ná wọn lówó. Mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná wà ní ọjà Ládípò, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lára owó bátìrì. Bátìrì tó yó, tó sinmi mọ́jú, máa ń ka fóòtì 12.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Tó bá dúró sórí 12, ọ́tánétọ̀ tó ń fún bátìrì ní iná, bẹ́líìtì tàbí wáyà rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bátìrì tuntun yóò kàn kú tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ ni.

Ẹ wo Camry ọdún 2005, èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Ó ti pé ogún ọdún, ìpatà sì lè ti jẹ ẹnu wáyà ẹ̀ẹ́tì tó so bátìrì mọ́ bọ́dì àti ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n fi ọ̀kan nínú ẹnu mítà kan orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, kí èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá kà ju fóòtì 0.5 lọ, wáyà yẹn lẹ́jọ́ láti jẹ́. Nígbà míì, sáńpépà lásán ti tó o.

Bó bá jẹ́ pé òru ni bátìrì ń ṣófo, rédíò tàbí aláàmù tí wọ́n fi kún mọ́tò lẹ́yìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Kí wọ́n máa yọ fíúsì níkọ̀ọ̀kan títí ohun tó ń fa iná yóò fi hàn.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń fi wáyà bàbà dípò fíúsì tó jó. Fíúsì pupa jẹ́ áńpì 10, búlúù 15, yẹ́lò 20, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwọ̀n iná tó lè gbé. Bí wọ́n bá fi bàbà rọ́pò fíúsì, wáyà inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni yóò jó dípò rẹ̀, mọ́tò odindi sì lè bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin onímọ́tò, kí rẹ́wáyà fi nọ́ńbà hàn yín kí ẹ tó yọ owó. Èyí tí kò bá ní mítà, ẹ wá ẹlòmíràn.