Ààbò Ojú Òkun Kan Ará Ògèrè

Òfin àgbáyé lórí ààbò ọkọ̀ ojú omi àti èbúté kò gbọdọ̀ di òfin orí ìwé lásán nílẹ̀ wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2004 ni òfin náà, ISPS, ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí ọkọ̀ ńlá tó ń rìn láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì ní òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ààbò, kí èbúté náà ní tirẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ ìwé ẹni tó bá fẹ́ wọlé wò. Síbẹ̀, nínú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé káàkiri àgbáyé lọ́dún 2020, 130 ló jẹ́ ní agbègbè omi Gínì tiwa yìí. Òfin tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2019 láti gbógun ti olè ojú omi, pẹ̀lú ìṣọ́ tó gbóná sí i, ti dín ìwà ibi náà kù gan-an. A gbóríyìn fún ìgbésẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n owó ìdójútòfò tí ewu òkun bá fà kì í dúró sí èbúté Àpápá. Orí ẹrù inú tírélà tó ń sinmi ní Ògèrè, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ló ń gùn, oníbàárà ọjà ló sì ń san án. Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ tí ọ̀rọ̀ èbúté wà níkàáwọ́ wọn máa ṣàyẹ̀wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n fìyà jẹ èbúté tó bá kùnà, kí ilé ẹjọ́ sì tètè dájọ́ ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àsìkò tí omi tòrò yìí gan-an ló yẹ kí ìṣọ́ le sí i.