Ìlà Kan Lójúmọ́

Ní Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òbí kò fi èdè wọn bá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́, èdè náà sì bá àwọn àgbà wọ ilẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka Dolly Pentreath, ìyá ẹlẹ́ja tí ó kú ní 1777, sí ẹni ìkẹyìn tí ó gbọ́ ọ láti kékeré. Ní 1904 ni Henry Jenner tẹ ìwé tí a fi ń kọ́ ọ jáde.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ lónìí, kí ó máa kọ ìlà kan lójúmọ́ nípa ojú ọjọ́. “Yeyn yw hi hedhyw”: òtútù mú lónìí. Gwynngala, “koríko funfun,” ni oṣù kẹsàn-án; Du, “dúdú,” ni oṣù kọkànlá, nígbà tí ilẹ̀ ń tètè ṣú.

“Tas” ni bàbá. Ṣùgbọ́n “ow thas” ni bàbá mi, “dha das” sì ni bàbá rẹ. Ẹ rí i bí orí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà! Ẹnu ìyá ni ọmọ ti í gbọ́ irú èyí láìkàwé. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ máa bá ọmọ yín sọ Yorùbá nílé.