Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣe Ibòji fún Ọmọ Àfín

Kò sí àgbẹ̀ kòkó tí í gbin ọmọ kòkó sí gbangba ìta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ó má ṣe ibòji fún un. Imọ̀ ọ̀pẹ ni a kọ́kọ́ fi ń bò ó. Kí ó sì tó dé oko, a ó ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ dè é. A mọ̀ pé ohun tí ó kéré kò lè bá oòrùn jà. Èrò wa ni pé irú ìtọ́jú yìí tọ́ sí àwọn ọmọ tí a bí, pàápàá àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ àfín.

Ẹ jẹ́ kí a fi Kubwa ṣe àpẹẹrẹ, ní àgbègbè Bwari lẹ́bàá Abuja. Ilẹ̀ oko àwọn Gbagyi ni tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó lọ sí Abuja ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, ilé àti títì ọlọ́dà ti gba ibi tí igi wà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì ń gbé ibẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí ń rìn bọ̀ wálé ní agogo méjì ọ̀sán kì í rí igi púpọ̀ sá sábẹ́. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará Abuja nìkan ni èyí. Nínú oṣù Kẹrin, oòrùn tí ń dúró ṣánṣán lórí Kubwa náà ni ó ń dúró lórí Ìbàdàn àti Oǹdó.

Kò sí ọmọ tí oòrùn kò lè pa lára. Ooru rẹ̀ a máa gbẹ omi ara, a máa fa orí fífọ́, òòyì àti èébì. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè gba ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ewu ti ọmọ àfín ju èyí lọ. Ohun tí ó mú awọ ara wa dúdú ni ó ń dá ìtànṣán oòrùn dúró kí ó má ba awọ jẹ́, ọmọ àfín kò sì ní in tó. Nítorí náà awọ rẹ̀ a jó, a lé àbàwọ́n, a di egbò tí kì í jinná, egbò náà a sì lè di jẹjẹrẹ. Ní ọdún 1975, Anezi Okoro, dókítà awọ ara tí ó tún jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn fún àwọn ọmọdé, tẹ ìwádìí kan jáde lórí 1,000 àfín ní Nàìjíríà. Nínú àwọn tí ó ti kọjá 20 ọdún, kò rí ẹyọ kan tí awọ rẹ̀ kò ní jẹjẹrẹ tàbí àmì tí ń ṣíwájú rẹ̀. Ìgbà èwe ni irúgbìn àìsàn yìí ti ń wọlẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé iyọ̀ ni ó ń mú àbàwọ́n jáde lára àfín. Kì í ṣe iyọ̀, oòrùn ni. Àwọn mìíràn ń di ẹ̀bi ru ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ dúdú. Àwọn baba wa pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, wọ́n sì kọ̀ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí dára, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ẹnu nìkan kò dí oòrùn.

Àgbẹ̀ kan lè bi wá pé: bí ọmọ kò bá lọ sí oko, ta ni yóò bá òun ṣiṣẹ́? A kò ní kí ẹ sọ ọmọ di ọ̀lẹ. Fífọ́ kòkó, yíyọ àgbàdo, bíbó ẹ̀gẹ́ àti kíkọ ìṣírò ọjà sílẹ̀ kò ju iṣẹ́ abẹ́ ibòji lọ. Ẹ fi wọ́n fún un.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe nìyí:

Ìkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ àfín wà ní ìta láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bí ó bá ṣeé yẹ̀. Ojú ọjọ́ tí ó ṣú kì í dá gbogbo ìtànṣán dúró.

Èkejì, ẹ wọ̀ ọ́ ní aṣọ alápá gígùn tí ó ki, kí ẹ sì dé e ní akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ gbòòrò, kí etí àti ọrùn lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí agbára bá gbé e, ẹ ra ìpara tí ń dí oòrùn, èyí tí a kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, kí a máa tún un pa ní wákàtí méjì méjì. Ìpara tí ń bó awọ kọ́ o. Ìparun ni ìyẹn fún un.

Ẹ̀kẹrin, egbò tí kò bá jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Àwọn olùkọ́ pẹ̀lú ní ipa tiwọn. Kò tọ́ kí a ní kí ọmọ àfín ṣí akẹtẹ̀ nítorí òfin aṣọ ilé-ìwé, tàbí kí a tò ó sí orí pápá lọ́sàn-án gangan. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ nítorí àwọn àfín ní ọdún 2012. Ẹgbẹ́ The Albino Foundation, tí Jake Epelle dá sílẹ̀ ní Abuja ní ọdún 2006, sì ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdọọdún ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ó wà nínú ìwé kò lè dé akẹtẹ̀ fún ọmọ ní abúlé wa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó lè para pọ̀ ra oògùn kòkó lè para pọ̀ ra akẹtẹ̀, kí ó sì gbin igi yí ilé-ìwé ká kí òjò tó dá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtọ́jú kòkó ju ìtọ́jú ọmọ lọ.