Ìda tó fara pamọ́ ló ń bó ọ̀dà lára bọ́gì, kẹ́míkà tí imú ò gbọ́ ló ń gba èémí lọ́wọ́ ẹni tó ń fín in

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ kékeré kan tí kò lórùlé, tí kò nílẹ̀kùn, tí táyà ẹ̀yìn ẹ̀ rí gìdìgbà, tó ń fò lórí òkìtì iyanrìn bíi tata, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ ẹ̀ mọ́, bọ́gì nìyẹn. Ìlú California l'Amẹ́ríkà ló ti gbajúmọ̀ jù. Ohun tó máa ń ya àwọn tí ò mọ̀ ọ́n lẹ́nu ni pé ìjàpá ló wà lábẹ́ ẹ̀, ìjàpá Volkswagen yìí náà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó ní 1975. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá ni, ṣáásì ìjàpá tí wọ́n gé kúrú ni, aṣọ tó wọ̀ sókè nìkan ni kì í ṣe ti ìjàpá. Aṣọ ọ̀hún, fáíbàgíláàsì ni. Òun náà ló sì ń fojú àwọn tó fẹ́ fúnra wọn kùn ún lọ́dà nílé rí màbo.

Bruce Meyers lọkùnrin tó dá a sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń fi fáíbà ṣe tẹ́lẹ̀, ìgbà tó di 1964, ó fi ọgbọ́n yẹn kan náà ṣe ọkọ̀ orí ilẹ̀, ló bá pè é ní Meyers Manx. Pupa fòò ni àkọ́kọ́, Old Red ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ní 1967, òun àti Ted Mangels wa Old Red la aṣálẹ̀ Baja já ní Mẹ́síkò, wọ́n sì fi bíi wákàtí márùn-ún yára ju àwọn ọlọ́kadà tó ti ń fọ́nnu níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n ṣe ìdíje Mexican 1000 àkọ́kọ́, Manx ló tún gbapò kìíní. Báwo ni ariwo ò ṣe ní í ta? Gbogbo èèyàn ló fẹ́ ní bọ́gì.

Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́ nìyí o. Fáíbà ò ṣòro ó jí. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan, tó fi ìda pa á lára, tó tẹ́ fáíbà mìíràn lé e lórí, tó sì ṣí i kúrò nígbà tó gbẹ, ó ti ní mọ́ọ̀dù tiẹ̀ nìyẹn, á wá máa yọ tiẹ̀ jáde bí ẹni ń yọ búrẹ́dì nínú agolo. Meyers ní ìwé patent lọ́wọ́, ó wọ́ àwọn tó ń jí iṣẹ́ ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ adájọ́ ní patent náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pòfo. Ní 1970, ó fi iléeṣẹ́ tó fọwọ́ ara ẹ̀ dá sílẹ̀ sílẹ̀, ní 1971, iléeṣẹ́ náà kógbá wọlé. Ó tún padà dé ní 2000, ó sì ń ṣe bọ́gì fún ogún ọdún mìíràn, kó tó jáde láyé ní February 2021 lẹ́ni ọdún 94.

Ẹlòmíì lè ní kí ló kan ọ̀dà nínú ẹjọ́. Ó kàn án gan-an ni. Bọ́gì tó wà nílẹ̀ lónìí, afarawé ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àwọn kan ṣe tiwọn dáadáa, àwọn mìíràn kàn fẹ́ pa owó kíá, wọ́n fi résìn há òwú gíláàsì, wọ́n jẹ́ kó fẹ́lẹ́ níbì kan, kó nípọn níbòmíì. Ẹni tó ra àlòkù ò ní í mọ èyí tó bọ́ sóun lọ́wọ́, àfi ìgbà tó bá ki sánpépà bọ̀ ọ́.

Yàtọ̀ síyẹn, ara bọ́gì ayé ìgbà yẹn ò wá sáyé láti gba ọ̀dà rárá. Inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń fín gelcoat, ìyẹn résìn tí wọ́n ti pò àwọ̀ mọ́, kí wọ́n tó tẹ́ òwú gíláàsì sẹ́yìn ẹ̀. Bó bá fi máa jáde, àwọ̀ ti wà lára ẹ̀, títí kan àwọn tó ń kọ mànà bíi léèsì àríyá. Gelcoat yẹn ò nípọn, bí ìdajì mìlímítà ni. Lẹ́yìn tó bá ti jẹ oòrùn fún ọdún gbọọrọ, á ṣì, á funfun bí ẹni fi ẹfun para. Rọ́bìn àti pólíìṣì ṣì lè jí ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ọ̀dà tuntun ló wà lọ́kàn ọkùnrin náà.

Á dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Fúráìdé, ọ̀dà ti wà ní bùútù, ara ẹ̀ ti wà lọ́nà. Kò tíì bọ́ bàtà tán tó fi mú sánpépà, ló bá ń họ ọ́ gbàràgbàrà. Kò ráyè rántí pé ìda ni wọ́n fi ń pa inú mọ́ọ̀dù kí fáíbà má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, àti pé ìda yẹn máa ń bá a jáde. Ẹni tó bá fi sánpépà họ ọ́ láìtíì fọ̀ ọ́, ńṣe ló ń ti ìda náà wọnú gbogbo ojú ibi tó họ. Ọ̀dà á gùn ún o, á dán, àwọn aládùúgbò á wá kí i kú iṣẹ́. Tó bá ṣe díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí eèpo àlùbọ́sà. Ọṣẹ àti omi ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ni oògùn tí wọ́n dìídì ṣe láti pa ìda àti gíríìsì, kí wọ́n fi aṣọ kan pa á, kí wọ́n fi aṣọ mìíràn tó mọ́ nù ún kúrò kó tó gbẹ. Ìgbà yẹn ni sánpépà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Oògùn tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà lára irin ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, nítorí methylene chloride tó máa ń wà nínú ẹ̀ ń jẹ résìn fáíbà. Ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de títa irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń lò ó nílé láti 2019, torí ó ti pààyàn.

Eruku fáíbà ń yún èèyàn bíi wèrèpè. Ẹni tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì họ ọ́, ìyàwó ò ní í jẹ́ kó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹjọ́ ìyàwó sì kọ́. Ibi tó ti ń họ ọ́ yìí ló ti máa rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, pàápàá níbi tí bóòtù ti wọlé. Bó bá kàn fi pọ́tì pa á lójú, á tún là ni, torí fáíbà ń mì, ó ń tẹ̀, ó sì ń nà padà. Àfi kó gbẹ́ ìlà náà ṣí bíi lẹ́tà V títí táá fi kọjá gelcoat, kó tẹ́ fáíbà tuntun sẹ́yìn ibi tó ti rọ̀, kó tó wá dí ojú ẹ̀. Àwọn ihò tín-tìn-tín bí ojú abẹ́rẹ́ tún ń bẹ níbẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti há sínú résìn. Práímà á bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n á fara pamọ́, bí oòrùn bá ti pa ọkọ̀ náà, atẹ́gùn inú ẹ̀ á wú, á sì tú ọ̀dà jáde. Pọ́tì tó rọ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ bọ ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Iṣẹ́ sùúrù ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni práímà epoxy, ká fi í sílẹ̀ kó gbẹ dénú, ká fi sánpépà olómi 400 títí dé 600 fà á jọ̀lọ̀. Ọ̀dà tó bá gùn ún ò gbọdọ̀ nípọn jù, torí bí fáíbà bá tẹ̀, ọ̀dà tó nípọn ò ní í bá a tẹ̀.

Gbogbo eléyìí, owó àti àkókò ló ń jẹ. Ewu gan-an wà nínú gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà.

Ọ̀dà tó ń dán bíi dígí, tí epo bẹntiróòlù ò lè bó, alágolo méjì ni: ọ̀dà wà nínú ọ̀kan, hádínà wà nínú ìkejì. Inú hádínà yẹn ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà. Tínà ń rùn, kò sẹ́ni tí ò gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rò pé bí òórùn bá ti lọ, ewu náà ti lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Isocyanate lè ti pọ̀ débi tó ń ṣeni léṣe kí imú tó gbọ́ nǹkan kan. Ó ń gba èémí wọlé, ó sì ń gba awọ ara. Bí ara ẹnì kan bá ti kọ̀ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ìwọ̀nba kín-ún tí ẹlòmíì ò ní í mọ̀ pé ó kọjá lè mú kí àyà onítọ̀hún há, kó máa mí fìn-ìn fìn-ìn, kí ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀. Ní 1996, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, gbé ìkìlọ̀ jáde lórí ẹ̀, ikọ́ fée àti ikú ni wọ́n kọ gàdàgbà sí àkọlé ẹ̀. Ìbòmú tí rọ́bà ń gbé atẹ́gùn tó mọ́ wọ̀ látìta làwọn tó mọṣẹ́ ń lò. Onípépà ò dí i lọ́wọ́ rárá. Èyí tó ní èédú nínú náà, bí èédú ọ̀hún bá ti rẹ̀, kò sí òórùn tó máa sọ fún ẹni tó dè é.

Gáréèjì tí wọ́n sì ti ń fín in yìí, kì í ṣe ibi tí agbèrò ti ń pe Ọ̀ṣòdì o, yàrá ọkọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ilé ni, ilẹ̀kùn ẹ̀ sábà máa ń já sí kíṣìnnì. Àwọn ọmọ wà nínú ilé. Nínú ọ̀pọ̀ gáréèjì bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń se omi wà ní kọ̀rọ̀, iná gáàsì kékeré ń jó nídìí ẹ̀ tọ̀sán tòru. Tínà tó ti di afẹ́fẹ́, bó bá rákò débẹ̀, ilé ló ń jó yẹn. Àwọn afínlọ́dà ẹ̀bá títì tiwa tó máa ń so áńkáṣíìfù mọ́mú náà kúkú ń gbọ́. Ti ará California jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ojoojúmọ́ ni tiwọn.

Àwọn tó gbọ́n nínú wọn ti rí ọ̀nà gbé e gbà. Fífọ̀, hínhọ, dídí ihò, wọ́n ń ṣe gbogbo ìyẹn fúnra wọn nílé, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ló ń jẹ ju nínú owó tí oníṣẹ́ ń gbà. Wọ́n á wá tú ara bọ́gì kúrò lórí ìjàpá, ó fúyẹ́, èèyàn méjì lè gbé e, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ní yàrá ìfínlọ́dà àti ìbòmú gidi. Àwọn tó ń fi tiwọn sáré nínú aṣálẹ̀ ò tiẹ̀ dá ara wọn láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà alágolo kan tí kò ní isocyanate ni wọ́n ń rà. Bí iyanrìn Baja bá bó o ní Sátidé, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tún un pa ní Sọ́ńdè.